Agbègbè Ìyè



Títóbi ayé yìí a máa mú wa rò pé kò sí ibi tí ẹ̀dá alààyè kò lè gbé nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1875, Eduard Suess, ọ̀mọ̀wé ará Austria, fi orúkọ fún apá ayé tí ìyè wà nínú rẹ̀. Àwa yóò pè é ní agbègbè ìyè.

Ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n wò. Ní ọdún 1973, ọkọ̀ òfuurufú kan kọ lu igún kan lókè Abidjan, ní gíga 37,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ibùsọ̀ 7 ni èyí. Nísàlẹ̀, ibi tí ó jìn jù lọ nínú òkun Pàsífíìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ibùsọ̀ 7, síbẹ̀ àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ó jọ edé ń gbé inú òkùnkùn ibẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, nínú ihò ìwakùsà wúrà ti Mponeng, a rí kòkòrò àìfojúrí nínú omi inú àpáta, ní jíjìn tí ó ju ibùsọ̀ kan àti ààbọ̀ lọ. Oòrùn kò ràn dé ọ̀dọ̀ wọn rí.

Ìyanu ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: 7 lókè, 7 nísàlẹ̀, ó di ibùsọ̀ 14 péré. Bí a bá sì la ayé já ní àárín, nǹkan bí ibùsọ̀ 7,900 ni. Bí ayé bá jẹ́ ẹyin adìẹ, agbègbè ìyè kò nípọn tó èèpo rẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́ funfun tí ó wà lábẹ́ èèpo ni à bá fi í wé.

Èyí tí ó ń bọ́ wa tún kéré sí i. Nínú òkun, ewéko kì í hù kọjá ibi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn dé, nǹkan bí 600 ẹsẹ̀ bàtà. Lórí ilẹ̀, díẹ̀ tí ọkọ́ àgbẹ̀ lè kọ ni iṣu àti àgbàdo gbẹ́kẹ̀ lé.

Nítorí náà, nígbà tí a bá da ẹ̀gbin sínú odò, tí a sì wí pé odò yóò gbé e lọ, níbo ni yóò gbé e lọ sí? Agbègbè ìyè kò ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn baba wa wí pé ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Nínú ilé tóóró yìí, ẹ̀yin ará, eérú a máa tọ ẹni tí kò dà á pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀, nítorí a kò mọ òmíràn tí a lè kó lọ.