Ìdòwú Kì Í Ṣe Ọmọ Burúkú

  

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo gbé wá. Ìbejì ni mo bí, Ìdòwú sì ni ó tẹ̀ lé wọn. Ẹni tí ó bá wọ ilé mi láàárọ̀ yóò rò pé ogun kọjá níbẹ̀: ẹ̀kọ nílẹ̀, bàtà lórí àga, Táyé àti Kẹ́hìndé ń jà nítorí àkàrà kan, Ìdòwú sì ti gun ojú fèrèsé. Ìgbà mìíràn a wà tí n ó kàn jókòó, n ó fọwọ́ lẹ́rán.

Ariwo yìí kọ́ ni ó dùn mí. Ohun tí ó dùn mí ni pé àwọn kan tí wọ́n ń bọ òrìṣà wo Ìdòwú, wọ́n ní: "Ọmọ Èṣù ni." Wọ́n ní kí n mú un lọ fún ẹni tí yóò nà án.

Èṣù wo ni wọ́n ń sọ? Òótọ́ ni pé àwọn baba wa pe Ìdòwú ní èṣù lẹ́yìn ìbejì, ṣùgbọ́n Èṣù tí wọ́n mọ̀ ni onílé oríta, ẹni tí ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Bíbélì Yorùbá, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884, ni ó fi orúkọ yìí pe Sátánì. Bí àwa tí a ń padà sí orísun bá ń fi ojú yẹn wo ọmọ wa, a kò tíì padà síbì kankan.

Àwọn àgbà tún ní bí ìyá ìbejì kò bá bí Ìdòwú, orí rẹ̀ lè dàrú. Àìwá ọmọ náà ni wọ́n bẹ̀rù, kì í ṣe wíwá rẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe àkọsẹ̀jayé: kí a lè mọ ọ̀nà tí orí ọmọ yàn, kí a tó máa tọ́ ọ. Ìdòwú mi kò lè jókòó jẹ́ẹ́, nítorí náà mo fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Òun ni ó ń gbé omi tútù dé ojúbọ láàárọ̀, òun ni ó ń kó àwo oúnjẹ. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, fèrèsé a sinmi. Bí ó bá ṣẹ̀, mo ń bá a wí. Ìwà pẹ̀lẹ́ kò ní kí á má bá ọmọ wí.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Ní agboolé àtijọ́, ọmọ tí ó bá sú ìyá rẹ̀ a lọ sí yàrá ìyá àgbà, a gbọ́ àlọ́ títí yóò fi sùn. Lónìí, yàrá méjì àti ilẹ̀kùn irin ni agboolé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí: bí ẹ bá rí ìyá tí ilé rẹ̀ ń gbóná, ẹ má gbé pàṣán lọ, ẹ má sì gbé orúkọ burúkú lọ. Ẹ gba ọmọ kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ pa àlọ́ fún un, kí ìyá lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀.

Èṣù Ọ̀dàrà yóò la ọ̀nà rere fún àwọn ọmọ wa. Àṣẹ. Àbọyè, àbọṣíṣẹ.