Bàbá ní mo gé ọ̀rọ̀ òun: àwo orin mẹ́ta tí mo tún gbọ́

Èmi náà nìyí, pẹ̀lú tíì gbígbóná àti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tó ń bú ramúramù lẹ́yìn fèrèsé. Tí ẹ bá ń gbọ́ ọ, ẹ forí jì mí. Tó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ ń kà á, orí yín ló bá yín ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ bí a ṣe ń ṣe é: màá mú àwo orin àtijọ́, màá gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, màá sì sọ bó ṣe rí lára mi. Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n orin o. Kódà n kò lè lu agogo kó bá orin mu. Etí lásán ni mo ní. Ṣùgbọ́n tòní yàtọ̀ díẹ̀, torí pé ẹjọ́ wà níbẹ̀, èmi ni mo sì jẹ̀bi.

Ẹ rántí pé lóṣù tó kọjá, a gba bàbá onílù kan lálejò. Mo lọ bá wọn nílé pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi. Kí n tó bi wọ́n ní ìbéèrè kankan, Bàbá gbé gángan sábẹ́ apá, wọ́n sì lù ú fún bí ìṣẹ́jú méjì. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń mi orí. Nígbà tí mo délé tí mò ń tún ohùn náà ṣe, mo wò ó pé ìṣẹ́jú méjì ti pọ̀ jù, àwọn olùgbọ́ á ti lọ. Mo fi ìṣẹ́jú àáyá 10 sílẹ̀, mo rọra fà á wálẹ̀, mo bọ́ sórí ìbéèrè àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tí mò ń jẹ nìyẹn, kí n mọ ibi tó yẹ kí n gé.

Lọ́jọ́ kejì tí ètò náà jáde, Bàbá pè mí. Wọn ò bínú. Ohùn wọn tutù, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣé o. Mo gbọ́ ètò yín, ó dáa. Ṣùgbọ́n o gé ọ̀rọ̀ mi."

Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Gbogbo ìdáhùn yín ló wà níbẹ̀."

Wọ́n ní, "Mi ò sọ ti ìdáhùn. Mo kí àwọn tó ń gbọ́, mo kí àwọn òbí rẹ, mo júbà ẹni tó kọ́ mi nílù, kí n tó lanu. O wá jẹ́ kó dà bíi pé mo wọ ilé onílé láì kí ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀yin ará mi, ojú tì mí. Èmi tí mò ń ṣe ètò lédè Yorùbá, Bàbá bá mi sọ Yorùbá fún ìṣẹ́jú méjì gbáko, n kò gbọ́ ẹyọ kan.

Ìdí tí mo fi lọ sílé màmá mi n'Íbàdàn ní Sátidé nìyẹn. Mo mú àwo mẹ́ta tí mo rò pé mo ti mọ̀ dáadáa, mo ní kí n tún wọn gbọ́.

Èkíní ni *Juju Music* ti King Sunny Adé, tó jáde ní 1982. Island Records, ilé iṣẹ́ tó gbé orin Bob Marley jáde, ló gbé e jáde. Ará Faransé kan, Martin Meissonnier, ló bójú tó o. Àwọn òyìnbó ni wọ́n fojú sùn. Nílé níbí, ojú àwo kan lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tó ń ṣàn lọ láì dúró, ṣùgbọ́n orin méje tó dá dúró ni wọ́n tò sínú èyí. Tẹ́lẹ̀, ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni jìtá Dèmọ́lá Adépọ̀jù, èyí tí wọ́n ń fi irin fà lórí okùn, tó ń dún bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òkèèrè. Ìlù ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, bí a ṣe mọ̀ pé iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀.

Màmá mi wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń já ẹ̀fọ́. Nígbà tí "Ja Funmi" ń lọ lọ́wọ́, orin tí akọrin fi ń bẹ orí rẹ̀ pé kó gbèjà òun, mo rí i pé ẹnu wọn ń mì. Akọrin ti dákẹ́ nígbà yẹn. Ìlù ni wọ́n ń dá lóhùn!

Mo ní, "Mọ́mì, báwo lẹ ṣe ń gbọ́ ọ?" Wọ́n wò mí bí ẹni tó béèrè bí wọ́n ṣe ń mu omi. Wọ́n wá ní, "Pa ẹnu dé, kí o fi imú sọ 'ẹ kú ilé o'."

Ẹ̀yin náà ẹ dán an wò níbi tí ẹ wà. Ọ̀rọ̀ á lọ, ohùn á ṣẹ́kù. Ohùn tó ṣẹ́kù yẹn ni onílù ń lù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ilé, owó, iṣẹ́, ọkọ́, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn létí ìlù. Ìdí nìyẹn tí onílù kì í fi í sọ ọ̀rọ̀ kan kó dákẹ́. Oríkì ló máa lù, tàbí òwe tí gbogbo ayé mọ̀, kí gígùn rẹ̀ lè jẹ́ ká dá a mọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ìṣẹ́jú àáyá 10 tí mo fi sílẹ̀ fún Bàbá, ẹni tó gbọ́ ìlù jù láyé ò lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo rò pé mo dín in kù ni. Ńṣe ni mo sọ ọ́ di ariwo.

Àwo kejì ni *Oroki Social Club* ti Haruna Ìṣọ̀lá, 1971. Òròkí ni oríkì Òṣogbo, ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ kan níbẹ̀ ló sì ń jẹ́ orúkọ yẹn. Àpàlà ni, kò sí jìtá níbẹ̀: àgídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti ìlù. Ká má parọ́, ohun tó máa ń sú mi nínú àpàlà ni orúkọ èèyàn. Lágbájá ọmọ tàmẹ̀dò, ta ni wọ́n? Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá mi. Wọ́n ní, "Ìwọ kọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Mo-gbọ́-mo-yà ni ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ẹni tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ nínú àwo yẹn, ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣì lè gbọ́ ọ lónìí. Tí wọ́n bá fún èmi ní iṣẹ́ náà láti tún ṣe, orúkọ yẹn ni mi ò bá kọ́kọ́ gé. Síbẹ̀, mi ò ní tan yín jẹ: ó ṣì ń rẹ̀ mí kí ojú kan tó parí. Etí mi ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́.

Ẹ̀kẹta ni ti Fẹlá tó jáde ní 1975, *Expensive Shit*. Mi ò lè pe orúkọ yẹn níwájú màmá mi. Ẹ mọ ìtàn rẹ̀: àwọn ọlọ́pàá ní ó gbé igbó mì, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n ń dúró de ìgbẹ́ rẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀rí. Orin méjì péré ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lójú kọ̀ọ̀kan. "Water No Get Enemy" ni mo fẹ́ràn jù. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fò ó lọ síbi tí Fẹlá ti lanu. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dúró. Fèrè ń bá fèrè sọ̀rọ̀, Tony Allen ń lu ìlù rẹ̀ bí ẹni tí kò kánjú lọ síbì kankan. Nígbà tí ohùn Fẹlá wá dé, ó bá mi ní ìkàlẹ̀. Màmá mi ní tiwọn ò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ariwo ti pọ̀ jù. A ò jà.

Ó kù ẹ̀bẹ̀ tí mo jẹ Bàbá. A dúpẹ́ pé mi ò tíì pa ohùn àkọ́kọ́ rẹ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ibì kan ṣoṣo ni mo dá mọ̀, "ẹ kú ilé", láàárín gbùngbùn. Mo pè wọ́n, mo tọrọ àforíjì, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ ìyókù fún mi kí n lè kọ ọ́ síbí. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní, "Gbé e sáfẹ́fẹ́ bó ṣe rí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, kó wá sọ ọ́."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ tẹ ohùn rẹ̀. Mi ò gé ohunkóhun níbẹ̀.

Bàbá, ẹ forí jì mí. Ẹ wọlé, ẹ kí ilé.

[Ìlù gángan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.]