Ìyá Ọlọ́gbà, Ẹ̀gbọ́n Bàbá Wa



Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1955, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin ti dàgbà ju ọmọ ilé-ìwé lọ. Bàbá wa, àbúrò rẹ̀, ni a fi sí ilé-ìwé. Bí ó bá sì ti darí dé, ìyá a gba ìwé Aláwìíyé lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe di òǹkàwé.

Ẹ̀yìnkùlé ni ó ti ń kàwé, lẹ́bàá ewúro, ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ rẹ̀. A máa po irúgbìn tẹ̀tẹ̀ mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ó tó fọ́n ọn, kí ó má baà hù jọ sí ojú kan. Ohunkóhun tí ìwé bá sọ nípa ewéko, dandan ni kí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Nígbà tí ó ka ti hóró mústádì nínú Bíbélì, ó bi wá pé, “Ta ni ó ti gbìn ín rí ní ìlú yìí? Mú hóró tẹ̀tẹ̀ wàásù, ọmọ mi.” Láti ọjọ́ náà, òun ni a ń mú gorí àga ìwàásù.

Ní ìkẹyìn, ojú rẹ̀ di bàìbàì. Àwa ń kàwé sí i létí, òun sì ń fi ọwọ́ wá koríko tu.

Nísisìyí, àwọn ará ilé ń fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí orí ilẹ̀ náà. A kò bá wọn jà, nítorí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n a ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá ewúro nì sí. Wọn kò tí ì dá wa lóhùn.