Kí Ọmọ Má Ṣe Jẹ́ Òǹwòran Lásán

Ní ọdún 2019 ni òkìkí àwọn ọ̀dọ́langba kan ní ìlú Kàdúná kàn dé òkè òkun. The Critics Company ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn. Fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ni wọ́n fi ń ya fíìmù. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n ta sára ògiri, kí wọ́n lè fi kọ̀ǹpútà gbé ojú ọ̀run tàbí ìlú tí ó ti dahoro sí ipò rẹ̀. Orí YouTube ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà. Iná mànàmáná a máa lọ lójijì, íntánẹ́ẹ̀tì a sì máa wọ́ bí ìgbín. Fíìmù wọn oníṣẹ́jú 10 tí ń jẹ́ Z: The Beginning gbà wọ́n ní oṣù 7 gbáko. Nígbà tí J.J. Abrams, olùdarí fíìmù ní Amẹ́ríkà, gbọ́ nípa wọn, ó fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn.

Irú fóònù bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Òun náà ni ó wà lọ́wọ́ ọmọ tí ó jókòó sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ó ń fi àtàǹpàkò ti fídíò kan kọjá kí òmíràn lè wọlé. Bí ìyá bá bi í ní alẹ́ pé kí ni ó wò, bóyá ni yóò lè sọ mẹ́ta nínú wọn. Lóòótọ́, iye wákàtí ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ohun tí ó ya ọmọ yìí sọ́tọ̀ sí àwọn ọ̀dọ́ Kàdúná ju wákàtí lọ. Ẹni tí ó ń wòran, ẹlòmíràn ti bá a ronú tán. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya fíìmù oníṣẹ́jú kan péré ní láti pinnu ohun tí yóò kọ́kọ́ hàn, ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti wá, ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ àti ẹni tí yóò dákẹ́. Bí ó bá sì bàjẹ́, yóò tún un yà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kékeré yàtọ̀. Ìlànà tí Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé gbé jáde ní 2019 ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má ṣe jókòó ti ojú ẹ̀rọ rárá, kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má sì ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́; bí ó bá dín sí i, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí èyí dá ìyá tí ó gbé fóònù fún ọmọ ẹlẹ́kún lẹ́bi, nítorí kí ó lè ráyè dáná ni ó ṣe ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ilé pọ̀, ọwọ́ kò sì tó. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ń dáni lóhùn ni ọmọ fi ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, fídíò kì í sì í dúró gbọ́ ohun tí ọmọ wí. Ìlànà kan náà gba àgbà níyànjú pé kí ó máa kàwé tàbí kí ó máa sọ ìtàn fún ọmọ ní àkókò ìjókòó.

Ní ti ọmọ tí ó ti mọ̀wé kà, ilé àwọn Yorùbá tí ó ti pẹ́ ní Òkè Ọya ni àǹfààní náà pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ wọn, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà ni orírun wọn. Òwò àti iṣẹ́ rélùwéè ni ó gbé àwọn bàbá wọn dé Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Kánò. Ọmọ ibẹ̀ ń sọ Haúsá ní òde, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, Yorùbá rẹ̀ sì ń tán lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ku “ẹ káàárọ̀” àti “ẹ ṣé”. Fóònù lè mú kí ó tán pátápátá, ó sì lè dá a dúró. Kí òbí ní kí ọmọ bẹ ìyá àgbà ní ilé pé kí ó pa àlọ́ Ìjàpá kan, kí ó sì fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kí ọmọ gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Pátákó ìtẹ̀wé Gboard ní èdè Yorùbá tàmìtàmì. Níbẹ̀ ni ọmọ yóò ti kọ ọ́ pé Ìjàpá wọ ọkọ́ lọ kí àna rẹ̀, tí gbogbo ilé yóò bú sẹ́rìn-ín, nítorí ọkọ́ ni àgbẹ̀ fi ń roko, ọkọ̀ ni èrò ń wọ̀. Ọmọ kì í tètè gbàgbé ẹ̀kọ́ àmì ohùn tí ó bá irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rìn. Lẹ́yìn èyí, kí ó ya àwòrán Ìjàpá sórí ìwé, kí ó fi fóònù ya àwọn àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó fi ohùn ara rẹ̀ ka ìtàn náà lé wọn lórí, kí ó sì fi í ránṣẹ́ padà. Ìyá àgbà lè fèsì pé ọmọ ti fo orin inú àlọ́ náà. Iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọmọ mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, àgbà ni ó mọ ìtàn. Dátà tí gbogbo rẹ̀ ń jẹ kò sì tó ti ìrọ̀lẹ́ kan tí ọmọ fi ń wo fídíò.

Ẹni tí ó bá ń wá àpẹẹrẹ yóò rí ìwé ìtàn ọmọdé ní Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́ lórí African Storybook. Ilé tí kọ̀ǹpútà bá sì wà lè gbìyànjú Scratch, ètò ọ̀fẹ́ tí MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2007, tí ọmọ fi ń pàṣẹ fún àwòrán kí ó rìn tàbí kí ó sọ̀rọ̀.

Ìwà ọmọlúàbí kò gbọdọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọmọ bá ń lo fóònù. Kí ọmọ tọrọ àyè kí ó tó ya ènìyàn. Ẹni tí ó ṣubú sínú gọ́tà ní ọjà, ọwọ́ ni ó yẹ kí ọmọ nà sí i, kì í ṣe kámẹ́rà. Àlọ́ ìyá àgbà, orúkọ ìyá àgbà ni ó yẹ kí ó wà lára rẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì ilé àti orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ hàn nínú fídíò tí àlejò lè rí.

Bàbá tí fóònù tirẹ̀ ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ kò ní ẹnu láti bá ọmọ wí. Bí òfin ilé bá ní kí gbogbo fóònù sùn sí pálọ̀, kí ti bàbá náà sùn síbẹ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́, kò di ìgbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ní fóònù. Fóònù olùkọ́ kan tó ọmọ 5: ọ̀kan ń kọ ìtàn, ọ̀kan ń yàwòrán, ọ̀kan di fóònù mú, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ẹnì karùn-ún ń ṣọ́ àkókò. Ní ọjọ́ Ẹtì, kí olùkọ́ fi ìdajì wákàtí sílẹ̀ fún wọn láti fi iṣẹ́ wọn han kíláàsì, kí àwọn yòókù sì bi wọ́n ní ìbéèrè. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó bá tẹ̀lé e, kí ẹni tí ó di fóònù mú lọ kọ ìtàn.