Ṣúgà Ọ̀sán



Èèyàn wa tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, bóyá ní ibùdó tí wọ́n ṣí ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, lọ́dún 2019, lè rí i pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ òun gòkè, bẹ́ẹ̀ kò ní àtọ̀gbẹ rí. Dexamethasone, tí wọ́n fi ń dènà èébì, wà lára ohun tó ń fà á. Ẹni tó bá lò ó láàárọ̀, ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni ṣúgà rẹ̀ sábà máa ń ga jù. Àyẹ̀wò òwúrọ̀ nìkan lè má rí i.

Àmì rẹ̀ nìyí: èèyàn á mu omi inú ọ̀rá mẹ́ta, òùngbẹ ò lọ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́. Ẹ tètè pe dókítà, ẹ má kàn dá oògùn dúró. Àgbo ìdíkọ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún o! Ṣúgà ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wálẹ̀ tí wọ́n bá lo dexamethasone náà parí.