Oorun Lójú Awakọ̀ Lásìkò Ọdún

Ẹ̀yin àgbààgbà wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn àti ní ilé ìtọ́jú arúgbó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọkàn a fà sí ọ̀dọ̀ ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ẹlòmíràn a sì wa ọkọ̀ láti London lọ sí Manchester láìtíì fojú kan oorun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ sùn. Kò sí ọmọ tí yóò bínú pé ìrẹsì ọdún tutù kí ìyá òun tó dé. Bí ojú bá pa dé fún ìṣẹ́jú àáyá 3 péré, ọkọ̀ tó ń sá eré máìlì 70 ní wákàtí kan yóò ti rìn ju mítà 90 lọ láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀.

Ìlànà ìrìnnà ilẹ̀ yìí ni pé kí awakọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán, ní wákàtí méjì-méjì. Fèrèsé ṣíṣí tàbí orin aláriwo kì í lé oorun. Bí òògbé bá dé, ẹ yà sí ibi ìsinmi tí kò léwu, ẹ mu ife kọfí 2, kí ẹ sì rẹjú díẹ̀. Àwọn oògùn ikọ́ kan wà tí ń múni sùn. Ẹ bi apòògùn léèrè kí ẹ tó gbà á.

Bí wọ́n bá sì to iṣẹ́ òru yín mọ́ ọjọ́ ìrìn-àjò, ẹ tètè sọ fún ọ̀gá yín, kí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀.