Ìwé Apanilẹ́rìn-ín Kì Í Ṣe Ìwé Ọ̀lẹ

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn tí ń péjọ sí ilé ìkàwé abúlé



Ó wọ́pọ̀ pé bí àgbà bá bá ọmọ nídìí ìwé, tí ọmọ náà sì ń rẹ́rìn-ín, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àgbà ni pé, “Ṣé èyí ni wọn yóò bi ọ́ ní ìdánwò?” Bí ọmọ bá dáhùn pé rárá, àgbà a gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, a sì rán an lọ pọn omi. Èrò tí ó wà nídìí ìṣe yìí ni pé ìwé tí ó bá ń pani lẹ́rìn-ín kò lè kọ́ni lọ́gbọ́n. Àwọn baba ńlá Yorùbá kò rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òṣùpá bá yọ, tí a bá ń pa àlọ́ Ìjàpá, ẹ̀rín ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ. Ọgbọ́n a sì tẹ̀ lé e wọlé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni na pàṣán sí ọmọdé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ìwé kan wà fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe irú iṣẹ́ tí àlọ́ ń ṣe. Ìtàn àròsọ ni, nípa àwọn ìdílé tí ìṣe wọn ṣàjèjì lójú aládùúgbò. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kọ ni Hilary McKay, obìnrin tí a bí ní ìlú Boston, ní àgbègbè Lincolnshire, ní ọdún 1959. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọbìnrin mẹ́rin. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, The Exiles, jáde ní 1991, ó sì wà lára ìwé méjì tí ó jọ pín ẹ̀bùn ìwé ọmọdé ti ìwé ìròyìn Guardian ní 1992. Nínú ìwé náà, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà fẹ́ràn ìwé débi pé wọn kì í rójú ṣe nǹkan mìíràn. Nígbà tí a rán wọn lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyá àgbà kó ìwé pamọ́ fún wọn. Ìgbà tí ojú kán ọ̀kan nínú wọn, inú garawa ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pẹja. Ọmọ tí ó bá ka èyí yóò rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Àgbà náà yóò sì rí ara tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ òní jù ni Saffy's Angel, tí ó jáde ní 2001, tí ó sì gba ẹ̀bùn Whitbread ti ìwé ọmọdé ní 2002. Ìdílé Casson ni a ń wí. Bàbá jẹ́ ayàwòrán tí ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá pẹ̀lú jẹ́ ayàwòrán. Inú ahéré ẹ̀yìn ilé ni ó ti ń ya tirẹ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ a sì máa fò ó lọ́kàn. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ojú ògiri ilé ìdáná ni àwọn wọ̀nyí wò, níbi tí wọ́n lẹ ìwé tí ó ṣe àfihàn gbogbo àwọ̀ ọ̀dà mọ́. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti mú Cadmium fún àkọ́bí, Indigo, tí í ṣe àwọ̀ aró, fún ọmọkùnrin, àti Rose fún àbíkẹ́yìn.

Saffron ni orúkọ ẹnì kẹrin. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 8, tí ó sì ti mọ ìwé í kà wàyí, ó wá orúkọ rẹ̀ lójú ògiri náà títí, kò rí i. Níbẹ̀ ni ẹ̀rín ti dáwọ́ dúró. Ó bèèrè, a sì sọ òtítọ́ fún un: ìbejì ìyá tí ó ń tọ́ ọ ni ó bí i, olúwarẹ̀ sì ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ìlú Siena, ní ilẹ̀ Ítálì.

Kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá kí ènìyàn gba ọmọ arábìnrin rẹ̀ tí ó kú tọ́ bí ọmọ tirẹ̀. Ohun iyì ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé ẹnu aládùúgbò, tàbí nígbà ìjà, ni wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. A kò ni Saffron lára rí nínú ilé náà; ìfẹ́ pọ̀ níbẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ohun tí ó dùn ún ni pé gbogbo àgbà mọ̀, òun nìkan ni kò mọ̀. Nígbà tí bàbá àgbà kú, tí ó fi ère áńgẹ́lì olókùúta kan sílẹ̀ fún un, ọmọ náà dìde láti wá ìbẹ̀rẹ̀ ara rẹ̀. Sarah ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó ń lo àga onítáyà, ni ó gbìmọ̀ bí yóò ṣe dé Siena. Àwọn yòókù wọ ọkọ̀ lọ sí Wales láti wá ère náà, Rose sì ń fi ìwé ránṣẹ́ láti ojú fèrèsé sí àwọn awakọ̀ ẹ̀yìn wọn. Bí ó ti parí kò yẹ ní sísọ níhìn-ín. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí ó ka ìwé náà.

Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà níbẹ̀? Èkíní, ọmọ tí ìwé bá pa lẹ́rìn-ín lónìí yóò ṣí òmíràn lọ́la, kíkà yóò sì mọ́ ọn lára. Èkejì, ọmọ tí ń tijú nítorí ìṣe àwọn ará ilé rẹ̀ yóò rí i pé kò sí agbo ilé tí kò ní tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Ìbéèrè wà tí ọmọ kò lè bi òbí lójúkojú. Nígbà tí ọmọ inú ìwé bá bi í, ẹnu òǹkàwé náà yóò là.

Nítorí náà, bí ẹ bá bá ọmọ nídìí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe já a gbà. Iṣẹ́ ilé ní àkókò tirẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé-ìwé sì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí àkókò ìwé bá tó, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì wí pé, “Kà á sókè, kí àwa náà lè gbọ́.” Ẹ jọ rẹ́rìn-ín. Bí ó bá sì dákẹ́ lójijì ní ojú ewé kan, ẹ ní sùúrù, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.